Ohun Tí Mai Takarda Túmọ̀ Sí

Mabera,
Sókótó.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìwé pélébé tó o fi rán èèyàn sí wa láti ilé ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn kúrò nílẹ̀, torí pé ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ kò dùn, mi ò sì ní í rọra sọ ọ́.

Nígbà tó o pè pé o ti rí iṣẹ́, pé ìwọ ni wàá máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin tó fẹ́ di gómìnà ní ìpínlẹ̀ wa, inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo ará ọjà. Ìyá rẹ ní kí n rọra. Mi ò gbọ́. Mo ní ọmọ tí mo bí ní Sókótó, tó gbọ́ Haúsá kó tó gbọ́ Yorùbá, òun ló wá ń fi Yorùbá sí ẹni ńlá lẹ́nu nílé. Lọ́jọ́ tí ìwé yẹn dé, mo gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo wọ awò ojú mi, mo ṣí i. Ojú ìwé kẹsàn-án ni mo ti bá àwòrán ara mi.

Àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ni, tí mo dé fìlà funfun. Abẹ́ rẹ̀ lo kọ ọ́ sí pé: "Àpò kan ṣoṣo ni bàbá mi gbé lọ sí Sókótó. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba rí. Ó fẹ́ràn ìwé àti òfin débi pé àwọn Haúsá sọ ọ́ ní Mai Takarda, ìyẹn ni oníwèé. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni olùdíje wa fẹ́ kí gbogbo wa jẹ́."

Mo pa ìwé náà dé. Mo tún ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Ta ló ní kó o fi mí síbẹ̀? Ìwọ tí mo tọ́, tí kì í bu omi mu nílé ẹlòmíì láìtọrọ, o gbé ojú mi àti orúkọ mi, o tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, o pín in fún gbogbo ìlú, o ò sì bi mí. Ìyá rẹ wá sọ fún mi pé ẹ̀ ń bọ̀. Pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ọ̀gá rẹ fẹ́ wá kí àwa ọmọ ìlú tó ń gbé Sókótó ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, pé ẹ máa ka ojú ìwé kẹsàn-án sókè, ẹ máa ní kí n dìde, kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ka eléyìí tán kó o tó pe ìyá rẹ.

Kó má di pé o ní bàbá rẹ kò fẹ́ràn ọ̀gá rẹ. Mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí ìjọba yọwọ́ nínú ọjà, kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá ara wọn sọ ọ́. Ó ní owó orí ti pọ̀ jù, pé àwọn tí kò ní nǹkan kan ṣe ló kún ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní ohunkóhun tí ìwé òfin ilẹ̀ wa kò bá fi sí ìkáwọ́ ìjọba, kí ìjọba má fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ ohun rere. Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní èrò àwọn baba àgbà. Èmi fara mọ́ ọn. Ẹnu mi lo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, kó o tó mọ ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá rẹ. Mi ò bá ẹ jà nítorí èrò rẹ̀. Irọ́ tẹ́ ẹ fi tì í lẹ́yìn ni mo ń bá ẹ jà lé lórí.

Ó yá, jókòó, kí n sọ bí mo ṣe di Mai Takarda.

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mi ò tíì fẹ́ ìyá rẹ. Ìjọba sójà ló wà lóde. Sìmẹ́ńtì wọ́n, ìjọba wá fi iye lé e, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá dé Kalambaina, níbi tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà, o ò lè rí i rà ní iye yẹn àfi tó o bá mú ìwé lọ́wọ́ láti ọ́fíìsì kan, ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n fún ẹni báyìí ní àpò báyìí. Takarda làwọn Haúsá ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ìwé. Ẹni tó bá ní takarda ti là. Ẹni tí kò ní, kó lọ máa tò nínú oòrùn.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, o mọ̀. Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì yẹn, ọ̀lẹ ni, ó wá ń pè mí kí n máa bá òun da orúkọ kọ sínú lísìtì. Mo bá a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo bá a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta, mo fi orúkọ tèmi sí i. Kò sẹ́ni tó bi mí. Bí mo ṣe ń gba takarda nìyẹn, ọdún mẹ́ta gbáko. Àbẹ̀kẹ́, mi ò ru sìmẹ́ńtì kan. Mo kàn ń ta ìwé yẹn fún ẹlòmíì lẹ́nu géètì ni, ẹlòmíì á tún tà á fún ẹlòmíì, tó bá fi máa dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tí ìjọba pè é. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tó o dàgbà sí ti wá. O ní bàbá rẹ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba rí. Ọwọ́ ìjọba ni bàbá rẹ ti jẹun yó.

O mọ Màlámù Tankó, ọkùnrin tó ń gé búlọ́ọ̀kù ní Runjin Sambo, tó máa ń fún ẹ ní dàbínò lásìkò ààwẹ̀. Ọdún yẹn, ó fẹ́ kọ́ yàrá kan fún ìyá rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó tò ní Kalambaina fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ karùn-ún, ó wá bá mi. Ó ní, "Bayarabe," bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá níbí, "wọ́n ní takarda wà lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, fún mi ní díẹ̀ ní iye tí ìjọba sọ."

Mo ní tó bá jẹ́ iye tí ìjọba sọ ló fẹ́, ọ̀dọ̀ ìjọba ni kó lọ. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe sọ ọ́. Àwọn tá a jọ dúró náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ó lọ sílé, ó fi amọ̀ mọ yàrá náà, ó wá fi ìwọ̀nba sìmẹ́ńtì tó rí rẹ́ ẹ lójú. Òjò ńlá kejì tó rọ̀, ògiri náà wó. Ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá náà. Wọn ò kú. Egungun itan wọn ló kán, wọn ò sì fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa mọ́ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n.

Mo ra ṣúgà, mo lọ kí wọn. Màlámù Tankó fi ọwọ́ méjèèjì gba ṣúgà náà. Ó ní, "Na gode, Mai Takarda." O gbọ́ Haúsá, mi ò ní láti túmọ̀ ìyẹn fún ẹ: ó ní òun dúpẹ́. Kò pariwo, kò ṣépè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní orúkọ míì mọ́. Àwọn ará Runjin Sambo gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó dé Mabera, ó dé ọjà. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n rò pé oyè ni.

Ìwọ náà rò pé oyè ni. Èmi ni mo fà á. O wà ní ọmọ ọdún méje, o ti ilé kéú dé, o bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí wọ́n ń pè yín ní Mai Takarda?" Ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ mi. Mo ní torí pé mo fẹ́ràn ìwé ni. O rẹ́rìn-ín, o wọlé lọ mú ìwé tìẹ náà, o wá jókòó tì mí. Láti ọjọ́ yẹn ni o kò ti gbé ìwé sílẹ̀ mọ́. Mo ń wò ẹ́, inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí, mo dákẹ́. Ogún ọdún ó lé ni mo ti dákẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí. Tí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ sọ pé kí ìjọba yọwọ́ nínú ọjà, kó sọ ọ́. Èmi gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Ìjọba fọwọ́ bọ ọjà, irú mi ló là, irú Tankó ló jìyà. Ìtàn mi bó ṣe rí gan-an wúlò fún un ju irọ́ tó o kọ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní í fẹ́ ẹ, torí kò lè ní kí olè dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Kó má sì dáwọ́ dúró síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba pa takarda rẹ́, tí ọjà wá wà fún gbogbo èèyàn, ta ló ní ṣọ́ọ̀bù? Èmi ni. Ta ló ní ohun tó máa fi kó ọjà ńlá sílẹ̀ de ọjọ́ tó máa wọ́n? Èmi náà ni. Tankó ṣì ń ra àpò méjì-méjì. Àwa tá a ti yó la wá ń sọ fún àwọn tó kù pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ retí oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọba. Iléèwé ìjọba lo lọ níbí, mi ò san kọ́bọ̀. Ọsibítù ìjọba ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ nígbà tó fẹ́ bí ẹ. Bí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ dín irú nǹkan wọ̀nyẹn kù, ó lè ní ìdí tirẹ̀, mi ò ní í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kó má fi àwòrán mi parọ́ pé a ò jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí mo ti dàgbà nígbà tí mo ṣe é.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nígbà náà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Ẹni tó bá di alága máa ṣe ọdún mẹ́ta, tó bá wu ẹgbẹ́, á tún ṣe mẹ́ta, ó parí. Òfin míì wà níbẹ̀ pé tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹgbẹ́ bá a gbà lọ́jà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Alága tá a ní, èèyàn dáadáa ni. Òun ló bẹ̀rẹ̀ gbọ̀ngàn. Ọdún kẹfà rẹ̀ pé, ògiri ti dúró, òrùlé ló kù. Gbogbo wa ní ta ló máa kàn án tí kì í bá ṣe òun? Àwọn méjì péré ló ní kí n mú ìwé òfin wá. Mo ní òrùlé yàrá mi ló jò, pé òjò ti ba ìwé náà jẹ́. Irọ́ ni. Inú àpótí aṣọ ìyá rẹ ló wà, omi kan ò kàn án. Ìyá rẹ ló rí i nígbà tó fẹ́ mú ìró. Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ṣé kì í ṣe ìwé tẹ́ ẹ ní ó ti bàjẹ́ nìyí?" Mo ní kó dá a padà síbẹ̀. Ó dá a padà, ó wo ojú mi, ó sì jáde lọ sídìí iná.

Alága kan òrùlé. Ó sì ṣe ọdún mọ́kànlá. Lọ́dún kẹwàá, ọ̀kan nínú wa tó ń ta àwo kú, ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà ṣe opó tán, ó wá sí ìpàdé, ó kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé òfin kan wà tó gbèjà òun lórí ṣọ́ọ̀bù. Alága ní òun ò mọ òfin bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó mú un jáde. Ó yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ṣé ó wà níbì kan?"

Mo mọ òfin náà sórí. Èmi ni mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ó wà, wọ́n á ní níbo, tí mo bá mú ìwé jáde, wọ́n á mọ̀ pé òjò kò bà á jẹ́. Mo ní ìwé ti bàjẹ́. Àbúrò alága ló gba ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Mo bá a ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ, ó tún kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, akọ̀wé. Mo mọ̀ pé ká ní ìwé yẹn wà ni, ẹ̀ bá gbèjà mi."

Mi ò lè gbàgbé ìdúpẹ́ yẹn. Ó burú ju Mai Takarda lọ.

Kì í ṣe nítorí ẹni burúkú la ṣe gbé ìwé òfin pamọ́, ọmọ mi. Nítorí ẹni rere ni, nítorí òrùlé. Ohun tó wà nínú ìwé ọ̀gá rẹ náà nìyẹn, ojú ìwé kejì, ìwọ lo kọ ọ́: pé ká má rú òfin, kódà láti ṣe rere. Mo kà á, mo ní àmín. Àfi ìgbà tí mo rántí ohun tó o sọ fún ìyá rẹ lórí fóònù, tó ò ń rẹ́rìn-ín, pé ẹ ò dìbò yan ọ̀gá rẹ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú yín. O ní òfin ẹgbẹ́ ní kẹ́ ẹ dìbò, ṣùgbọ́n àsìkò ti lọ, àwọn àgbà kàn jókòó ní pálọ̀ ẹnì kan, wọ́n fẹnu kò, wọ́n sì ní kó o kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ dìbò. O kọ ọ́.

Ìwọ ni akọ̀wé báyìí. Ọkùnrin tó fẹ́ fi ìwé òfin de ìjọba lọ́wọ́ lápá òsì àti ọ̀tún, ó ti gba orí òfin ẹgbẹ́ tiẹ̀ kọjá kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ìwọ lo sì bá a gbé ìwé pamọ́. Mi ò mọ̀ bóyá èèyàn dáadáa ni. Ó lè jẹ́ èèyàn dáadáa. Alága wa náà jẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pé òfin gbèjà òun, ìwọ ló máa yíjú sí.

Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka èyí. Ó ní, "Ọmọ náà ń jẹun níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹun." Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wọ́n, mo mọ̀ pé ọkọ rẹ kò tíì rí iṣẹ́, mo mọ̀ pé tó o bá lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó yọ ojú ìwé kan, ó lè ní kó o máa lọ sílé. Mi ò ní kó o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kó o yọ mí kúrò nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ nítorí pé o kọ̀ láti parọ́ ni wọ́n ṣe lé ẹ, yàrá rẹ ṣì wà níbí, ṣọ́ọ̀bù sì wà, bó ti wù kó jẹ́ pé o ti wá mọ ibi tó ti wá.

Ìwé òfin ẹgbẹ́ náà, mo ti yọ ọ́ nínú àpótí. Lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé e sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn, kẹ́ ẹ wá o, kẹ́ ẹ má wá o. Wọ́n á bú mi. Ó tọ́ sí mi.

Ó ku nǹkan kan. Lánàá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Runjin Sambo. Màlámù Tankó kì í gé búlọ́ọ̀kù mọ́, abẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Mo sọ fún un pé ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé pé torí mo fẹ́ràn ìwé ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Mai Takarda. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo sọ fún un bẹ́ẹ̀?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "To," ìyẹn ni pé òun ti gbọ́. Ó wá ní kí ló dé tí mo wá sọ ọ́ fún òun. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi dé gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun ò gbọ́ Yorùbá. Mo ní kò nílò rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ni, Haúsá sì ni àwọn méjèèjì.

Ó ní òun á wá.

Nítorí náà, ọwọ́ rẹ ló kù sí. Ẹ lè fa ojú ìwé kẹsàn-án ya kẹ́ ẹ tó gbéra nílé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ní gbọ̀ngàn wa pé ó wà níbẹ̀ rí. Ẹ sì lè kà á. Tẹ́ ẹ bá kà á, tẹ́ ẹ ní kí Mai Takarda dìde, màá dìde. Màlámù Tankó á dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun ni màá ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ ohun tó túmọ̀ sí, ìwọ tó o gbọ́ èdè méjèèjì lo sì máa ṣe ògbufọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.